Ìdí tí Ìgbín Kò Fi Ń Dáhùn Àgò Mọ́

Odídẹrẹ́ ṣẹ̀. Ó mú àgò, tí í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ láàárín aládùúgbò, ó sọ ọ́ di ohun yẹpẹrẹ, ọmọ ọlọ́mọ sì ti ibẹ̀ ṣègbé.

Nígbà láéláé, nígbà tí Ìgbín ṣì ní ohùn, tí ilé rẹ̀ sì wà lójú kan bí ilé gbogbo ẹranko, Alántakùn ta okùn láti ilé dé ilé. Ó so èèpo àgbọn mọ́ ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ yóò fa okùn, ilé ẹni tó ń pè yóò mì, onílé yóò sì gbé etí lé èèpo àgbọn náà. Ẹni tó pè á ní, "Àgò onílé o." Onílé á ní, "Àgò yà." Èèwọ̀ ni kí okùn mì kí onílé má dáhùn.

Abẹ́ igi obì ni ilé Ìgbín wà. Ṣùgbọ́n etí odò, lábẹ́ ewé kókò, ni ó yé ẹyin sí, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti tutù. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ọmọ. Ẹyin méje péré ni, ojoojúmọ́ ló sì ń wọ́ lọ ṣọ́ wọn. Okùn ilé rẹ̀ gba orí odò kọjá. Bí ó bá ti mì, yóò rí i, yóò sì wọ́ padà sílé lọ dáhùn.

Ní ọjọ́ kan, Erin tí í ṣe ọba wọn ní òun fẹ́ mọ ohun tí àwọn ará ìlú ń jẹ. Ó rán Odídẹrẹ́ kó lọ béèrè lẹ́ẹ̀kan. Odídẹrẹ́ lọ, ó sì ròyìn láàfin, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àtẹ́wọ́ náà dùn mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí pe ilé onílé lójoojúmọ́.

"Àgò onílé o."

"Àgò yà," ni Ìgbín dáhùn. Èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò. "Ta ni o?"

"Odídẹrẹ́ ni, mà. Kò ní pẹ́ rárá. Nínú ewé kókò àti ewé ìbẹ́pẹ, èwo lẹ fẹ́ràn jù?"

"Ṣé torí ewé ìbẹ́pẹ ni mo ṣe wọ́ ara mi láti etí odò?"

"Ẹ má bínú, mà. Ṣé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni, àbí díẹ̀díẹ̀, àbí ẹ kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá?"

Lọ́jọ́ kejì, ó tún pè. Ní ọjọ́ kẹta, Ìgbín ní, "Odídẹrẹ́, má pè mí mọ́. Mo ń ṣọ́ ọmọ."

"Mo ti gbọ́, mà. Ọmọ mélòó ni? Ṣé wọ́n pọ̀ ju ti èṣí lọ ni, àbí wọ́n dín?"

Nígbà tó yá, ó rẹ Ìgbín. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú ganrínganrín, ó wọlé, ó fi itọ́ ara rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Itọ́ náà gbẹ, ó funfun, ó sì le. Ó ní kí òun sinmi díẹ̀.

Lórí ọ̀pẹ, Ọ̀kẹ́rẹ́ rí ìjàlọ tó ń tò lọ sí abẹ́ ewé kókò. Ó sáré fa okùn Ìgbín.

Ilé mì. Ìgbín fa orí wọlé. "Ó tún ti dé," ni ó wí.

Ilé tún mì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó mì pẹ́, ó mì bíi pé yóò wó. Ìgbín kò yíra padà.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó wọ́ lọ sí etí odò. Èèpo ẹyin nìkan ló bá. Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú níbi tí ìjàlọ ti bù ú jẹ nígbà tó ń fi ìrù gbá wọn dànù.

"Ìyá Ìgbín, mo pè yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín."

"Mo gbọ́," ni Ìgbín wí. "Mo rò pé Odídẹrẹ́ ni."

Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ó padà sílé, ó já okùn, ó gbé ilé náà pọ̀n. Láti ọjọ́ náà ni Ìgbín ti ń gbé ilé rẹ̀ kiri, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i so okùn mọ́, kí òun náà má sì jìnnà sí ohun tí òun ń ṣọ́ mọ́. Bí a bá fọwọ́ kàn án, á wọlé. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á fi itọ́ funfun dí ẹnu ọ̀nà. Bí a pè é títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní dáhùn.

Erin pe gbogbo ìlú jọ sí abẹ́ igi obì. "Odídẹrẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ni mo rán ọ. Ta ló ní kó o máa lọ lójoojúmọ́?"

Odídẹrẹ́ dọ̀bálẹ̀ níwájú ọba.

"O kò ní bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun mọ́," ni Erin wí. "Ohun tí wọ́n bá sọ fún ọ nìkan ni wàá máa sọ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ bẹ ẹni tó o ṣẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí títí di òní. Ọ̀rọ̀ tí Odídẹrẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ kẹ́yìn, lójú gbogbo ìlú, níwájú ilé tó ti ilẹ̀kùn pa, nìyí:

"Ìyá Ìgbín, èmi ni mo pa ọmọ yín, kì í ṣe ìjàlọ. Mo ń pè yín nígbà tí n kò ní ọ̀rọ̀ bá yín sọ, títí ẹ kò fi lè dá ẹni tó ní ọ̀rọ̀ lóhùn. Ọ̀kẹ́rẹ́, mo ba ohùn rẹ jẹ́. Ẹ̀yin aládùúgbò, mo ba àgò yín jẹ́. Ẹ dárí jì mí. Ìyá Ìgbín, bí ẹ kò bá dá mi lóhùn, n kò ní béèrè ìdí."