Òkun Inú Àpótí Gíláàsì

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Òwe yìí ni Ọmọ́yẹlé fi bá màmá rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ ní Àkúrẹ́, lọ́jọ́ tó ń po omi iyọ̀ sínú àpótí gíláàsì tó fẹ́ fi sin ẹja òkun ní pálọ̀.

Òkun ti gbé ilé màmá lọ ní Ìlàjẹ, tìkòkò torógùn. Bí Ọmọ́yẹlé ti ń da iyọ̀ sómi díẹ̀díẹ̀, omi náà funfun bí omi ògì, òórùn òkun sì gba pálọ̀. Màmá dìde, wọ́n gbé àpò aṣọ wọn kúrò nílẹ̀ lé orí tábìlì, bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà tí òkun bá ń bọ̀.

"Ọmọ mi, òkun kì í gbàgbé oúnjẹ tó jẹ kù."

"Màmá, omi ẹ̀rọ àti iyọ̀ inú ọ̀rá lásán ni. Ẹ má sá fún ekòló."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, omi ti tòrò kedere, ó ku ẹja. Àmọ́ orógùn kan ń léfòó lójú omi, iná ti jẹ ẹ́ létí. Ọmọ́yẹlé mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló jù ú síná nígbà tó wà lọ́mọdé ní Ìlàjẹ, tí màmá fi nà án.

Kò dárúkọ ekòló mọ́. Ó wọ yàrá, ó gbé àpò aṣọ tirẹ̀ náà jáde, ó gbé e lé orí tábìlì.