Ọ̀kẹ́rẹ́ Kí Ìlú, Ìlú Dúpẹ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn ò dáhùn. Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ó dáa. Àlọ́ mi lónìí ò bá Ìjàpá lọ, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló bá lọ, òun àti àká ìlú.

Ní ìgbà kan rí, Ẹfọ̀n ló jọba lórí àwọn ẹranko. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìkórè, olúkúlùkù a gbé apẹ̀rẹ̀ àgbàdo kan wá sí àká ìlú. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe olùṣọ́ àká náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀rọ̀ ọ́ sọ, ni wọ́n bá gbà fún un. Òfin àká ò le: bí ará ìlú bá ní nǹkan le, kí wọ́n ṣí i, bí wọ́n bá ní ìlú ń lọ dáadáa, kó wà ní títì.

Lọ́dún kan, òjò kọ̀, kò rọ̀. Àgbàdo gbẹ lóko. Àparò, tó lọ́mọ wẹ́wẹ́ nílẹ̀, ń fẹsẹ̀ walẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kòkòrò díẹ̀ ló ń rí. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà ò lè dìde mọ́.

Ọba pe Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ní, "Lọ bi àwọn ará ìlú léèrè. Ibi tí a ń lọ yìí, ṣé ó dára àbí kò dára? Ohun tí wọ́n bá wí ni kí o wá sọ fún mi."

Ọkàn Ọ̀kẹ́rẹ́ ò balẹ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ nínú àká yẹn, òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn àna rẹ̀. Háhá àti ṣùkù nìkan ló kù níbẹ̀. Bí ìlú bá pariwo ebi, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, àṣírí á tú. Ó ronú títí, ó rántí ìwà wa. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: bí ẹnì kan bá yọ sí yín láàárọ̀, tó kí yín, ṣé ẹ máa sọ fún un pé ìkòkò yín ṣófo? Ìyá yín á nà yín.

Ó jí ní kùtùkùtù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Àparò.

"Ẹ káàárọ̀, ìyá. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"A dúpẹ́."

"Ilé ńkọ́?"

"Ilé wà."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Àparò wẹ̀yìn. Èyí tó kéré jù ṣì dùbúlẹ̀. Ó ní, "Wọ́n wà. A dúpẹ́." Ó fẹ́ ní kí àlejò náà jókòó, ṣùgbọ́n Ọ̀kẹ́rẹ́ ti dé ilé Ehoro. Ó kí Ehoro bẹ́ẹ̀, ó kí Òkété, ó kí Ìgalà. Gbogbo wọn dúpẹ́. Ló bá ń kọrin lọ sáàfin. Ẹ bá mi gbè é:

Mo kílé, mo kóko — A dúpẹ́.
Mo kí baba, mo kíyá — A dúpẹ́.
Ìlú yó, ọba wa — A dúpẹ́.
Ẹ jẹ́ kí àká wà ní títì — A dúpẹ́.

Inú ọba dùn. Ó dùn jù, ibẹ̀ lọ̀ràn ti bàjẹ́. Ó ránṣẹ́ sí Túùpú, olórí ìlú òdìkejì odò, pé, "Mo gbọ́ pé ebi ń pa yín. Ìlú tèmi yó. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ wá, kí ẹ wá kó nínú àká wa." Kò sẹ́ni tó sọ fún Ọ̀kẹ́rẹ́. Níbi tó ti ń nara lẹ́yìn oúnjẹ ló ti rí Túùpú àtàwọn èèyàn rẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí.

Ọba àtàwọn ará ìlú tẹ̀lé wọn débẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní kọ́kọ́rọ́ ti sọnù. Ẹfọ̀n fìwo kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn wó. Háhá ló ya jáde.

Túùpú sọ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, ṣé ohun tẹ́ ẹ ní ká wá kó rèé?"

Ojú ti ọba gan-an. Ó kọjú sáwọn ará ìlú, ó ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ẹ yó?"

Àparò kúnlẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ sábẹ́ apá. Ó ní, "Kábíyèsí, Ọ̀kẹ́rẹ́ ò bi wá. Ó kí wa ni. Ẹni tó bá kí mi láàárọ̀, mi ò lè fi ebi dá a lóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí mo ṣe ń jẹun, kó wá jókòó nídìí ààrò mi. Ọmọ yìí ò tíì jẹ nǹkan kan látàná."

Túùpú ló tọwọ́ bọ àpò, ó mú iṣu sísun tó dì fún ìrìn àjò, ó bù ú fún Àparò. Àparò rún un, ọmọ náà ṣà á jẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó wá kó oúnjẹ ló bọ́ ọmọ ìlú lọ́jọ́ náà.

Kí wọ́n tó wẹ̀yìn, Ọ̀kẹ́rẹ́ ti wà lókè igi. Kò tíì padà wá gbélẹ̀ dòní. Látìgbà náà, Ẹfọ̀n fúnra rẹ̀ ló ń lọ láti ààrò dé ààrò, tó ń ṣí ìkòkò wò.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó ń jẹ nínú àká kọ́ ló yẹ ká rán láti lọ béèrè bóyá ebi ń pa ìlú. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa dúpẹ́ bí wọ́n bá kí yín, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi yín léèrè, ẹ sọ òótọ́. Bí ẹ bá rò pé mo purọ́, Ọ̀kẹ́rẹ́ ń bẹ lórí igi, ẹ lọ bi í. Ẹ má kàn kí i.