Ẹni Tí Ó Mọ Ewé Wò

“Bí ẹ ṣe ń wo ewé, ẹ máa wo ọmọ yìí bẹ́ẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ tí obìnrin kan sọ kẹ́yìn fún ọkọ rẹ̀ nìyí. Ọkọ náà dá a lóhùn pé òun ti gbọ́. Kò tíì gbọ́.

Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni títọ́jú ọmọ kòkó. Inú ọ̀rá dúdú ni ó ń gbìn wọ́n sí, lábẹ́ àtíbàbà tí ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò, títí wọn yóò fi tó gbé lọ sí oko. Àwọn àgbẹ̀ ń ti abúlé mẹ́fà wá rà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé tirẹ̀ kì í kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní àràárọ̀, kí ó tó jẹun, á rìn láàárín wọn, á wo ewé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ewé rẹ̀ bá rọ, á gbé e sọ́tọ̀.

Nǹkan kan wà tí ó mọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Bí ewé bá rọ, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà yóò sáré bu omi sí i. Ọkùnrin yìí kì í bu omi. Á gbé ọ̀rá náà sókè, á wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ihò tí omi ń gbà jáde ti dí, omi ti rogún sínú erùpẹ̀, gbòǹgbò kò sì rí èémí mí. Á fi igi ṣóńṣó la ihò náà, á gbé e sí ibòji, á ní sùúrù.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, Àníkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, dákẹ́. Kò sunkún níbi ìsìnkú. Kò sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́. Bí ó bá dé ilé ìwé, á gbé orí lé tábìlì. Olùkọ́ rẹ̀ ní ó ti ya ọ̀lẹ. Pásítọ̀ gbàdúrà fún un. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà, obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú, ń wá lójoojúmọ́ láti gbà á níyànjú.

“Ọmọdé wo ló ń ronú? Ṣé ilé lo fẹ́ kọ́ ni, àbí oyè lo fẹ́ jẹ? Dìde, lọ gbálẹ̀.”

Àníkẹ́ á dìde, á gbálẹ̀, á padà lọ jókòó.

Ní ọjọ́ kan ó kó bàtà tí ìyá rẹ̀ rà fún un, ó kó àwọn ìwé rẹ̀ mọ́ ọn, ó fi wọ́n fún ọmọ aládùúgbò. Nígbà tí ọmọ náà bi í léèrè, ó ní òun kò ní nílò wọn mọ́. Bàbá rẹ̀ gbọ́. Ó rò pé inú rere ni.

Ní ọjọ́ kejì, àgbẹ̀ kan wá kó ọmọ kòkó. Ó bá ọkùnrin náà níbi tí ó ti ń la ihò ọ̀rá kan.

“Ẹ yọ èyí tó ń tòògbé yẹn kúrò nínú tèmi o.”

“Kò tòògbé. Ara rẹ̀ ni kò yá.”

“Ṣé ó sọ fún yín ni?”

“Ewé rẹ̀ sọ fún mi.”

Àgbẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ jẹ́ kó kú, kẹ́ ẹ mú òmíràn. Kí lẹ ń yọ ara yín lẹ́nu sí?”

“Ìgbà tí kò tíì kú là ń tọ́jú ẹ̀. Tó bá kú tán, ta ni mo fẹ́ tọ́jú?”

Ọkùnrin náà gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ó rántí bàtà. Ó fi àgbẹ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀, ó sáré lọ sílé.

Ó bá ọmọ náà ní ẹ̀bá kànga ẹ̀yìnkùlé, ó ń wo inú rẹ̀. Kò bú u. Kò gbà á níyànjú. Ó dì í mú, ó sì jókòó tì í títí oòrùn fi wọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó kan ìdérí pákó sí ẹnu kànga náà, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ó sì mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tí ó wà ní ìlú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàdé wọn lójú ọ̀nà. “Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú wèrè lo ń mú ọmọ lọ? Ta ni yóò fẹ́ ẹ?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wà láàyè ná.”

Ní ilé ìwòsàn náà, bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ni ó wà fún gbogbo ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàárẹ̀, àgbà àti ọmọdé. Ọ̀ọ̀dẹ̀ iwájú ni ó wà, ó kọjú sí títì. Gbogbo ẹni tí ó ń kọjá ni ó ń wò wọ́n. Ní ọjọ́ náà wọ́n gbé ọkùnrin kan wá tí wọ́n fi okùn so. Àníkẹ́ rí okùn náà, ó dìde, ó kọrí sílé. Nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ àti bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e.

“Àwọn ọmọdé yòókù dà?” Bàbá ló bi nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ.

“Wọn kì í mú wọn wá, Bàbá. Wọ́n á máa wò wọ́n níran títí ọ̀rọ̀ á fi di okùn. Ẹni tí wọ́n so yẹn, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tó kọ́kọ́ dákẹ́.”

Ọkùnrin náà ronú kan bẹ́ǹṣì, ó ronú kan títì. “Inú oòrùn gan-an lẹ gbé ọmọ kòkó sí.”

Kò yé nọ́ọ̀sì. Ó yé e ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí ọkùnrin náà gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, tí ó sì kó imọ̀ ọ̀pẹ dé. Ó kọ́ àtíbàbà kan sí ẹ̀yìnkùlé ilé ìwòsàn náà. Ó la ọ̀nà sí i láti ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé, kí ọmọ má baà gba ojú títì. Ó da erùpẹ̀ síbẹ̀, ó kó ọ̀rá dúdú sí i. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó kojú ọmọ kan láti máa bi í léèrè. Kí ọwọ́ máa ṣiṣẹ́, ẹnu á tẹ̀ lé e.

Ní ọjọ́ Ajé, nọ́ọ̀sì ń rọ erùpẹ̀ sínú ọ̀rá, ó ń fi ọwọ́ kì í mọ́lẹ̀. Àníkẹ́ wò ó títí.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ ò lu ihò sí i.”

Láti ọjọ́ ìsìnkú, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó sọ láìjẹ́ pé ẹnì kan bi í.

“Kí ni ihò wà fún?”

“Kí omi lè jáde. Tí kò bá jáde, á pa á.”

Nọ́ọ̀sì na igi ṣóńṣó sí i. Àníkẹ́ lu ihò kan, ó lu èkejì, ó lu ẹ̀kẹta, ó sì bú sẹ́kún. Ó sunkún títí di ọ̀sán. Bàbá rẹ̀ lọ dúró sí ẹ̀yìn igi máńgòrò. Kò sí orin tí ó dùn mọ́ ọn tó ẹkún náà rí.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ló yá. Oṣù márùn-ún ni nọ́ọ̀sì fi ń rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Dókítà kan ń ti ìlú ńlá wá lóṣooṣù, ó fún un ní oògùn fún ìgbà díẹ̀. Olùkọ́ tí ó pè é ní ọ̀lẹ wá tọrọ àforíjì, ó sì ní kí wọ́n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń wo ewé. Ọmọ méjì míràn dé, lẹ́yìn náà mẹ́fà, títí wọ́n fi di mọ́kàndínlógún. Ẹ̀gbọ́n náà wá pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kì í sùn láti ìgbà tí ilé wọn ti jó.

“Mo kàn ń kọjá lọ ni o.”

“Ẹ̀ ń kọjá, ẹ sì pọn ọmọ?” Àbúrò rẹ̀ ló bi í bẹ́ẹ̀.

“Ta ló bi ẹ́? Wá bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀.”

Lónìí, ọjọ́ Ajé ti di ọjọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn náà. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri. Wọ́n ti gbé nọ́ọ̀sì kejì wá, èyí tí ó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn ọmọdé. Láti ọdún méjì, wọn kò fi okùn mú ọmọ ìlú náà kankan wá. Àníkẹ́ ti padà sí ilé ìwé, òun ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun bí a ṣe ń lu ihò. Ọmọ aládùúgbò dá bàtà rẹ̀ padà. Kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ó ti dàgbà jù ú lọ, ó sì fi ìyẹn rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, kò sí ẹni tí kò mọ nǹkan kan wò nínú yín. Ẹ mọ ìró ọkọ̀ yín nígbà tí kò tíì kọṣẹ́. Ẹ mọ ewúrẹ́ tí kò jẹun lánàá. Ojú yẹn náà ni kí ẹ fi wo ọmọ inú ilé yín. Ẹ má bu omi lé omi. Ẹ má dúró de okùn. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tí ewé ṣì tutù.

Ẹ má sì rò pé ọkùnrin náà ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Kò tíì dí ibi tí òjò ń gbà wọ inú àtíbàbà. Kò tíì kọ́ irú rẹ̀ sí èyíkéyìí nínú abúlé mẹ́fà náà. Kò tíì lọ kí ọkùnrin tí wọ́n fi okùn so. Kò tíì ṣí àpótí aṣọ ìyàwó rẹ̀. Kò tíì sunkún. Kò tíì sọ fún Àníkẹ́ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ kẹ́yìn.