Lẹ́tà Mẹ́jọ Lórí Páálí

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi, ẹ jókòó. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Léṣìí, ọmọọmọ mi Àríyìíkẹ́ mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí; àkókò ìdánwò Jáǹbù tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́dún yìí, ó gbọ́ pé lẹ́tà mẹ́jọ péré lórí kọ̀ǹpútà tó láti tẹ̀ fi ṣe ìdánwò náà. Ó kọ wọ́n sórí páálí, ó ń tẹ̀ wọ́n lójoojúmọ́, èmi ń bá a wo aago.

Aládùúgbò wa ní, "Ìyá Àgbà, ṣé páálí ló máa gbé e dé yunifásítì?"

Mo ní, "Ìwọ ṣáà máa wò ó."

Ó ṣe ìdánwò, ó parí, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Yunifásítì gbà á wọlé. Àlejò kún ilé wa, àfẹ̀mọ́jú ni wọ́n tó lọ. Àríyìíkẹ́ kò gbọ́ ìdágbére wọn. Ó ń sun oorun ọdún méjì.