Fi Fóònù Yẹn Sápò

Gbádébọ̀, jókòó. Mi ò ní dáhùn ìbéèrè tí o gbé wá lónìí, nítorí mo ti dáhùn rẹ̀ títí ẹnu fi ń ro mí. Ìtàn ni mo máa sọ fún ọ. Tí mo bá parí rẹ̀, wàá dìde, wàá sì lọ.

Ọkùnrin kan ń bẹ ní ìlú olókè kan. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Látìgbà tí ìyàwó yẹn ti kú ni kò ti jáde nílé mọ́. Láàárọ̀, á jókòó sí pálọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, pálọ̀ náà lo ti máa bá a. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin, ń ṣiṣẹ́ lókè òkun. Nígbà tí ọmọ náà gba ìsinmi wálé, tó rí bí bàbá rẹ̀ ṣe rí, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ó ní òun ò lè fi bàbá òun sílẹ̀ báyìí kí òun padà.

Eré kan wà tí ọmọ yìí fẹ́ràn níbi tó ń gbé. Àwọn tó ń ṣe é máa ń fi àpótí kékeré tó ní ìdérí pamọ́ síta gbangba, sínú igbó, sábẹ́ afárá, sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Wọ́n á wá gbé nọ́ńbà ibi tí wọ́n fi í sí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ wá a á tẹ nọ́ńbà náà sínú fóònù, ọfà kan á sì máa júwe ọ̀nà fún un. Tó bá rí àpótí náà, á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé pélébé tó wà nínú rẹ̀, á sì dá a padà síbi tó ti rí i gẹ́lẹ́. Tó bá mú nǹkan níbẹ̀, á fi nǹkan mìíràn rọ́pò. Ẹni tó fi í pamọ́ kì í sọ ibi tó wà. Òfin eré nìyẹn.

Ọmọ náà fi àpótí kan pamọ́ sórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, ó sì fi ìlẹ̀kẹ̀ ìyá rẹ̀ sínú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá a. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí i níṣojú mi kí n tó padà." Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó mọ̀ pé tí òun bá lọ tí bàbá náà ò tíì rí nǹkan kan tó máa gbé e dìde, orí àga yẹn ló máa padà sí, bóyá ibẹ̀ ló sì máa kú sí.

Bàbá gbà. Wọ́n gun òkè. Ọmọ jókòó sórí òkúta kan, bàbá gbé fóònù dání, ó ń tẹ̀ lé ọfà. Ọfà ní kó lọ sọ́tùn-ún, ó lọ sọ́tùn-ún. Bó ṣe dé ọ̀hún, ọfà yí padà, ó ní òsì ni. Ó tún lọ sósì. Ó ń yí po bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ igi. Ọmọ ní, "Bàbá, fóònù kì í júwe dé orí nǹkan gan-an. Tó bá ti mú yín dé ìtòsí, iṣẹ́ tiẹ̀ parí. Ẹ fi í sápò, kẹ́ ẹ fi ojú wá a. Ẹ wo ohun tí kò rí bó ṣe yẹ kó rí." Bàbá ní òun ti gbọ́. Kò gbé ojú kúrò lára fóònù.

Ṣé o mọ ohun tó sọ nígbà tí wọ́n délé? Ó ní nọ́ńbà tí ọmọ fún òun kò péye, kó lọ wá èyí tó sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lọ ra fóònù tó tóbi. Ó ra bàtà tí wọ́n fi ń gun òkè, ó ra akẹtẹ̀. Ó gbé fóònù tuntun náà lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ó ní kó bá òun yẹ ọfà inú rẹ̀ wò. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gun òkè yẹn. Ojoojúmọ́ ni ọmọ ń jókòó sórí òkúta rẹ̀ tó ń wo bàbá, tí bàbá ń wo fóònù. Ọmọ á fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ̀, bàbá á ní, "Dúró ná, ọfà ti ń yí." Mo bẹ̀ ọ́, irú èèyàn wo nìyẹn?

Ọjọ́ tí ọmọ máa lọ pé. Bàbá ní òun fẹ́ sáré gun òkè náà lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á padà kí mọ́tò tó máa gbé ọmọ tó dé. Ọmọ ní, "Bàbá, ẹ jókòó tì mí." Bàbá ní fóònù òun ti gba iná dáadáa, òun ò ní pẹ́. Ó lọ, ó sì pẹ́. Ó yí po títí fóònù fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ló tó gbé ojú sókè. Láti orí òkè, ó rí mọ́tò tó gbé ọmọ rẹ̀ lójú títì nísàlẹ̀, ó ń jáde nílùú.

Ó lọ jókòó sórí òkúta tí ọmọ máa ń jókòó lé. Bó ṣe fẹ́ fọwọ́ ti ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ wọ abẹ́ òkúta náà, ó kan ìdérí. Ibẹ̀ ló ti wà láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ ò lè sọ, àmọ́ orí rẹ̀ ló ń jókòó lé lójoojúmọ́. Ká ní bàbá yìí fi fóònù sápò, kó wá jókòó ti ọmọ rẹ̀ fúngbà díẹ̀ péré, ì bá ti rí i.

Ó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ orúkọ ọmọ rẹ̀, kò sì rí ẹni tó máa fi hàn. Ó wá ohun tó máa fi rọ́pò ìlẹ̀kẹ̀, kò ní ju fóònù lọ, fóònù ńlá ọ̀hún ò sì wọ àpótí. Ó dá ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó rẹ̀ padà, ó sọ̀ kalẹ̀.

Gbádébọ̀, ìwọ ni mò ń bá wí. Ìyàwó rẹ wà nílé ìyá rẹ̀ ní Òkèihò, èmi ni mo sọ fún ọ. Ó ní kí o wá fúnra rẹ, kí o wá gbà pé o jẹ̀bi, èmi náà ni mo sọ ọ́. O padà wá, o ní ọjọ́ wo ni kí o lọ. Mo dá ọjọ́ fún ọ. O tún wá, o ní ta ni kó tẹ̀ lé ọ. O tún wá, o ní kí lo máa kọ́kọ́ sọ lẹ́nu ọ̀nà. O ti ra aṣọ tí wàá wọ̀ lọ. Lónìí, o tún dé, o ní kí n pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí n mọ bí inú ìyàwó rẹ ṣe rí. Ó ti sú mi.

Láàárọ̀ ọ̀la, obìnrin yẹn ń bá àbúrò ìyá rẹ̀ lọ ṣòwò ní Kútọnù, kò sì sọ ìgbà tó máa padà. Mo ti mú ọ dé ìtòsí, mi ò lè júwe ju ibẹ̀ lọ. Mọ́tò Òkèihò ṣì wà ní gáréèjì báyìí. Tí o bá débẹ̀, jókòó tì í, kí o wo ojú rẹ̀. Ẹnu mi tí ò ń wò yìí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Dìde.