Igbá Ede, Igbá Iyọ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi jáde nílé, ó ya ilé ìdáná Erin, ó bá Ehoro alásè níbẹ̀.

Ní ọdún kan, iyọ̀ di ọ̀wọ́n nílùú àwọn ẹranko. Ìkòkò iyọ̀ kan ṣoṣo ló kù, ọwọ́ Ọ̀yà ni wọ́n sì fi í sí. Bí ó bá tán, Ọ̀yà ni wọn yóò bi. Ni Erin bá bímọ. Ó pe Ehoro pé kí ó wá se ọbẹ̀ ìkómọ. Ó ní, "Ede òkúta kan, iyọ̀ òkúta kan. Má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Òkúta tí ó ń wí, òun ni Ọ̀yà fi ń wọn nǹkan. Ọ̀yà so igi kan kọ́ ẹ̀ka, ó fi igbá kọ́ ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì. Òkúta á wà nínú ọ̀kan, nǹkan ọbẹ̀ á wà nínú ìkejì, títí igi á fi dọ́gba.

Ọ̀yà kọ́kọ́ wọn ede. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ede gbígbẹ fúyẹ́. Igbá kún bámúbámú kí igi tó dọ́gba.

Ehoro rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi, o ò rí i? Òkúta kan, igbá kan. Kí la tún ń wọn iyọ̀ fún? Bu igbá kan fún mi, iná ń jó lásán."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé bákan náà ni?"

"Ṣé igbá yìí ti yàtọ̀ ni?"

Ọ̀yà bu iyọ̀ kún igbá, ó gbé e fún un. Ehoro mọ ohun tí ó ń ṣe o. Ó fi ìwọ̀nba sọ́bẹ̀, ó fi ìyókù pamọ́ sábẹ́ ewé, ó ní ilé òun ni yóò bá òun lọ.

Ṣùgbọ́n ọkàn Ọ̀yà kò balẹ̀. Ó bu igbá iyọ̀ mìíràn, ó gbé e kọ́ igi. Igi tẹ̀ kanlẹ̀. Ó wá òkúta ẹgbẹ́ ti àkọ́kọ́ méjì kún un kí igi tó dọ́gba. Ó gbéra, ó ń sáré lọ sọ́dọ̀ Erin, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ehoro gba igbá ede,
*Gbé e wò!*
Ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ,
*Gbé e wò!*
Ehoro gba igbá iyọ̀,
*Gbé e wò!*
Apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já,
*Gbé e wò!*

Ehoro gbọ́ orin náà lọ́ọ̀ọ́kán. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ Erin pẹ̀lú. Ó kó iyọ̀ lábẹ́ ewé, ó dà á sínú ìkòkò omi, ó rò ó pọ̀.

Erin àti Ọ̀yà wọlé. Erin tú gbogbo ilé ìdáná títí dé abẹ́ ewé, kò rí nǹkan. Ó wo ọbẹ̀. "Ọbẹ̀ yìí ti ki jù." Ó fi ọwọ́jà fa omi inú ìkòkò, ó tú u sínú ọbẹ̀.

Ehoro mú ṣíbí, ó ń ro ọbẹ̀ náà.

"Tọ́ ọ wò," ni Erin wí.

Ehoro tọ́ ọ wò. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ó dùn, ìyá wa."

Ọ̀yà náà ti ìka bọ̀ ọ́, ó tutọ́ sílẹ̀. "Ìyá wa, iyọ̀ tí mò ń wí nìyí."

Erin fìdí kalẹ̀. "Ó ní ó dùn. Ọ̀yà, bù ú kún igbá fún un, kí ó jẹ ẹ́ níṣojú mi."

Ehoro jẹ ẹ́ tán. Òùngbẹ gbé e dé odò. Ó mu, ó mu, kò tó o. Ètè rẹ̀ gbẹ, ó sán, ó sì là sí méjì títí kan imú. Kò tíì lẹ̀ mọ́ra títí dòní. Àwọn àlejò Erin ńkọ́? Iṣu sísun ni wọ́n jẹ lọ sílé.

Ibi tí mo bá wọn dé nìyẹn. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí ẹnu mi má lè pe orúkọ mi lọ́la.