Ẹja Tí Akíntìmẹ́yìn Kò Mọ̀

"Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ̀ ọ́." Gbogbo wa là ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ló bèèrè rí irú omi tó rú, àti ibi tí ẹja náà ti wá? Èmi bèèrè, ìdáhùn tí mo gbọ́ sì tún da ọkàn mi rú.

Ní abúlé apẹja kan létí òkun, odò kékeré kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í dẹ àwọ̀n sí, nítorí ibẹ̀ ni ẹja ọ̀bọ̀kún ń yé sí. Akíntìmẹ́yìn ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. Lọ́dún kan, ọ̀bọ̀kún wọ́n títí wọn kò rí i mọ́. Baálẹ̀ ní ẹni tó ń ṣọ́ odò ló ń jí ẹja ibẹ̀ kó, kó di ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú. Ọkùnrin náà búra títí, wọn kò gbà á gbọ́. Ó wá di pé òun pàápàá ń bi ìyàwó rẹ̀ bóyá òun máa ń rìn lójú oorun.

Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ da àwọ̀n sódò náà lójú gbogbo ènìyàn. Àwọ̀n kún fọ́fọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ẹja inú rẹ̀. Wọ́n la ikùn ọ̀kan, ọmọ ọ̀bọ̀kún ló kún ibẹ̀. Wọ́n ń wo ara wọn. Àbí odò ti ń bí ọmọ ọlọ́mọ ni?

Ọ̀gákọ̀ tó wá ra epo pupa lọ́wọ́ wọn ló dá ẹja náà mọ̀. Ó ní ẹja èbúté ìlú òun ni, ẹnu sì ya òun náà. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń bọ̀ lófìfo, omi èbúté náà ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀ kó lè wúwo, kí ìgbì má baà dojú rẹ̀ dé. Bí wọ́n bá fẹ́ di epo, wọ́n á da omi ọ̀hún nù.

"Odò yìí náà la ń dà á sí," ó wí. "Baálẹ̀ ló ní ká máa dà á síbẹ̀, torí kò sí ọkọ̀ apẹja níbẹ̀ tó lè dojú dé."

"Èmi gan-an ni mo ń ṣí ọ̀nà fún wọn," Akíntìmẹ́yìn wí. "Omi ṣáà ni mo rí, n kò rí ọmọ ẹja inú rẹ̀."

Baálẹ̀ yíjú sí i. "Akíntìmẹ́yìn, má di ẹrù mọ́. Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ̀ ọ́."

Láti ọjọ́ náà, àárín agbami ni ọ̀gákọ̀ ti ń da omi èbúté rẹ̀ nù, tó sì ń rọ omi òkun dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja tó ti wọlé kò padà. Akíntìmẹ́yìn ń ṣọ́ odò rẹ̀ lọ, kò sì mọ ẹni tí òun ń ṣọ́ ọ fún mọ́, àlejò ni àbí onílé.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe náà bí ọba tuntun bá jẹ, tàbí bí àṣà tuntun bá wọlé, tí ọgbọ́n àtijọ́ kò sì ká a mọ́. Àwọn mìíràn ń fi ayọ̀ pa á. Baálẹ̀ kò fi ayọ̀ pa á.